Ẹni Tí Òjò Ń Pa Nídìí Ọmọlanke

Bí ẹ bá dé ìlú New York, tí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn láàárín Manhattan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹ kò ní ṣàì rí ọmọlanke onírin dídán kan lẹ́bàá títì, agboòrùn aláwọ̀ mèremère lórí rẹ̀, ooru omi gbígbóná ń rú jáde lára rẹ̀, ọkùnrin kan sì dúró sí ìdí rẹ̀ tó ń wojú àwọn tó ń kọjá. Sọ́sééjì ni ọkùnrin náà ń tà. Họ́ọ̀tì dọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, èyí tí í ṣe ajá gbígbóná ní èdè tiwa, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé oúnjẹ Ògún ni wọ́n ń jẹ o. Ẹran màlúù ni, tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n sì kì sínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n á mú un jáde nínú omi gbígbóná, wọ́n á fi í sí àárín búrẹ́dì gígùn, wọ́n á fi mọ́sítáàdì sí i, wọ́n á tún bu àlùbọ́sà tí wọ́n fi tòmátò sè tàbí kábéèjì kíkan lé e lórí. Ìṣẹ́jú kan, ó ti parí. Ẹni tó rà á ń jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà, kò tilẹ̀ jókòó.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ìbéèrè kan wà nídìí ọmọlanke yẹn tí kò jẹ́ kí n sinmi láti ìgbà tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òwò náà. Òun nìyí: bí ìwé àṣẹ bá wà lọ́wọ́ ẹnìkan, tí ẹlòmíràn sì ń ṣe iṣẹ́ tí ìwé náà fàyè gbà, èló ló tọ́ kí oníwèé gbà lọ́wọ́ oníṣẹ́? Ṣé ó tilẹ̀ tọ́ kí ó gba kọ́bọ̀? Ẹ má tíì dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bó ṣe ń dún létí.

Àwọn àlejò ló dá òwò náà sílẹ̀, àwọn àlejò ló sì ń ṣe é títí dòní. Ní nǹkan bí ọdún 1867, ọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Charles Feltman, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ ta sọ́sééjì inú búrẹ́dì ní etíkun Coney Island. Òwò náà gbèrú títí ó fi kọ́ ilé oúnjẹ ńlá síbẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin kan láti ilẹ̀ Poland, Nathan Handwerker, tó wọ Amẹ́ríkà ní ọdún 1912, wá ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ náà, búrẹ́dì ni ó ń là. Ní ọdún 1916 ó yà kúrò, ó ṣí tirẹ̀ sí tòsí ibẹ̀. Sẹ́ǹtì 10 ni ilé Feltman ń ta ẹyọ kan; Nathan ń ta tirẹ̀ ní sẹ́ǹtì 5. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn ènìyàn ń fura pé kí ló dé tí ẹran rẹ̀ fi pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀, ó wọ àwọn kan ní aṣọ funfun bíi ti dókítà, ó ní kí wọ́n dúró síwájú ìsọ̀ òun kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Ọlọ́jà lọlọ́jà ń jẹ́, ìbáà jẹ́ ní Coney Island tàbí ní Ọjà Oyíngbò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé ọmọ tó ń la búrẹ́dì lè di ọlọ́jà fúnra rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin. Owó díẹ̀ ló nílò, àti ọwọ́ méjì, àti ìgboyà. Kò sí ẹni tó jókòó sílé tó ń retí kí ó wá san nǹkan kí ó tó dáná.

Nǹkan ti yàtọ̀ báyìí. Lẹ́yìn àwọn ará Jámánì àti àwọn Júù ni àwọn ará Gíríìsì kó sídìí òwò náà. Lónìí, àwọn ará Íjíbítì àti Bangladesh ló pọ̀ jù nídìí rẹ̀, àti àwọn mìíràn láti ibi gbogbo láyé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jí. Ọmọlanke kò gbọdọ̀ sun ojú títì, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sun iwájú ilé oníwun. Òfin sọ pé gáráàjì tí ìjọba fọwọ́ sí ni ó gbọ́dọ̀ sùn, kí wọ́n lè fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Nítorí náà ọlọ́jà yóò kọ́kọ́ lọ sí gáráàjì, yóò kó omi dídì, gáàsì, búrẹ́dì, sọ́sééjì àti mínírà sínú rẹ̀, kí ó tó gbé e dé ibi tó ti ń tà. Bó bá dé ibẹ̀, òfin mìíràn ń dúró dè é: kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10, ó gbọ́dọ̀ fi ara ti etí títì. Ẹni tó bá ṣèèṣì yà díẹ̀, owó ìtanràn dé nìyẹn. Yóò wà lórí ìdúró fún wákàtí mẹ́wàá, nígbà mìíràn méjìlá. Ibi tí yóò ti tọ̀, ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ ni. Nígbà òtútù, tí yìnyín bá ń já, omi gbígbóná inú ọmọlanke yẹn nìkan ni ohun tó ń mú ọwọ́ rẹ̀ yá. Lálẹ́, yóò tún gbé e padà sí gáráàjì.

Gbogbo ìyẹn, iṣẹ́ ni, a kì í fi iṣẹ́ bú ẹni tó bá ń ṣe é. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ti ìwé.

Ìwé méjì ló wà. Èkíní jẹ́ ti ènìyàn: láísẹ́ǹsì tó ní fọ́tò, tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ti gba ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́tótó oúnjẹ. Ìyẹn kò ṣòro, kò sí iye tí wọ́n fi dé e. Èkejì jẹ́ ti ọmọlanke fúnra rẹ̀, òun gan-an ni wọ́n ń pè ní ìwé àṣẹ. Ní ọdún 1983, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú New York fi òdiwọ̀n sí èkejì yìí, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju 3,000 lọ fún gbogbo ìlú, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti fún àwọn kan. Àwọn onísọ́ọ̀bù ti ń pariwo pé àwọn ọlọ́mọlanke ń dí ọ̀nà. Ìlú tí èrò inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù méje lọ nígbà náà, ìwé 3,000! Ẹni tó ti ní tirẹ̀ ń tún un gbà ní ọdún méjì méjì, owó tí ìjọba sì ń gbà fún un kò ju dọ́là 200 lọ. Ta ni yóò jọ̀wọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀? Orúkọ àwọn tó ń retí gùn títí, wọ́n tilẹ̀ ti ìwé orúkọ náà pa.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé di oko. Òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi yá ẹlòmíràn tàbí tà á. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ ti kọ ọ́ láìmọye ìgbà pé wọ́n ń fi yáni lábẹ́lẹ̀ ní dọ́là 20,000 fún ọdún méjì, tí ti àwọn mìíràn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ìjọba ta ní 200! Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Ká sọ pé lórí ẹyọ sọ́sééjì kan, lẹ́yìn tí ọlọ́jà bá ti yọ owó ẹran, búrẹ́dì, gáàsì àti gáráàjì, dọ́là 1 ló kù sí i lọ́wọ́. Ká tún sọ pé ó ń jáde ní ọjọ́ 300 lọ́dún, ìyẹn 600 ọjọ́ ní ọdún méjì. Dọ́là 20,000 nígbà tí a bá pín in sí 600, ó lé ní 33. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, sọ́sééjì 33 àkọ́kọ́ tí ọkùnrin yẹn tà kì í ṣe tirẹ̀. Ti oníwèé ni. Láti orí ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún ìyàwó àti ọmọ. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí ó ta 20, ó ti jẹ gbèsè 13 kí ó tó padà sí gáráàjì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ní New York, ẹni tó wà nídìí ọmọlanke ni eji ń rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì bá má kàn mí tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó ń gbé ní Bronx. Takisí ló ń wà. Òru kan ló pè mí lórí fóònù, ó gbàgbé pé ilẹ̀ tiwa ti ṣú.

Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo jí yín. Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́. Bàbá kan wà ládùúgbò wa, ará Gíríìsì, ó fẹ́ fún mi ní ìwé ọmọlanke rẹ̀. Dọ́là 20,000 fún ọdún méjì, ìdajì lọ́wọ́ báyìí. Owó tí mo ti ń fi pamọ́ láti ọdún mẹ́fà ni."

Mo ní, "Ṣé òfin gbà á?"

"Kò gbà á. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń ṣe é. Lórí ìwé, wọ́n á kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ bàbá ni mí."

"Bí wọ́n bá wá mú yín ńkọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Wọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ bàbá. Owó tèmi, ta ni mo fẹ́ lọ bá pé kó gbà á padà fún mi, Bùọ̀dá? Ilé ẹjọ́ wo?"

Ẹ ò rí i pé ọmọ náà gbọ́n. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lè já. Ohun tó fẹ́ kí n bá òun sọ ni bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, nítorí ó ní bàbá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti ti ọmọlanke láti ọdún 1981 títí orókún rẹ̀ méjèèjì fi kọ̀. Kò sí iléeṣẹ́ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì fún un. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Nígbà tí àbúrò mi fi ọgbọ́n sọ fún un pé owó náà pọ̀, ohun tí bàbá náà sọ ni pé, "Ṣé o rí ẹsẹ̀ mi yìí? Ìwé yẹn ni mo fi rà á." Mo rò ọ̀rọ̀ yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé bàbá náà ní ẹjọ́ tó lè rò. Ó rántí mi létí ìṣákọ́lẹ̀. Láyé àtijọ́, bí àlejò bá fẹ́ dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, kò ní sanwó kó tó gbé ọkọ́. Lẹ́yìn ìkórè ni yóò mú iṣu wá, kí ó lè hàn gbangba pé ó mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí i nítorí pé bàbá rẹ̀ ló ṣán igbó dídí, òun ló bá ẹranko àti ejò jà kí ibẹ̀ tó di oko. Bàbá ará Gíríìsì náà lè sọ pé òun náà ṣán igbó: òun ló dúró sí igun títì yẹn ní ìgbà tí kò tíì sí oníbàárà, òun ló sọ ọ́ di ibi tí àwọn ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé igun títì yẹn ló fi ń yáni? Rárá o. Ìwé ni. Ìwé náà kì bá sì níye lórí rárá bí ìjọba kò bá sọ pé kò gbọdọ̀ ju 3,000 lọ. Nínú dọ́là 20,000 yẹn, òógùn bàbá náà wà níbẹ̀, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ owó ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ àwọn ẹlòmíràn lẹ́yìn. Kì í ṣe bàbá ló ti ìlẹ̀kùn náà. Ó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni, ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé.

Ẹnìkan yóò sọ pé kí ìjọba kúkú máa gba owó náà fúnra rẹ̀ nígbà náà, kí ó lè wúlò fún ará ìlú. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní apá ibì kan. Ọgbà ìgbafẹ́ ìlú kò sí lábẹ́ òfin ìwé 3,000 yẹn. Àwọn alábòójútó ọgbà ń fi ààyè inú rẹ̀ sí gbàǹjo, ẹni tó bá dá owó tó pọ̀ jù ló ń mú un. Ní ọdún 2013, ìròyìn jáde pé ọkùnrin kan ń san dọ́là 289,500 lọ́dún fún ààyè ọmọlanke kan ṣoṣo nítòsí ọgbà ẹranko inú Central Park. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá pín in sí ọjọ́ 365, dọ́là 793 lójúmọ́ kan ni, òjò rọ̀ o, oòrùn ràn o. Òdodo ni pé gbangba ni wọ́n ṣe gbàǹjo náà, owó rẹ̀ sì wọ àpò ìlú, kò wọ àpò ẹnìkan. Ìyẹn dára ju ti abẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọkùnrin tó wà nídìí ọmọlanke bóyá ó mọ ìyàtọ̀ nígbà tó ń ka owó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí yìnyín já. Ìjọba tó ń gba 793 lójúmọ́ lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke, kò lè fi gbogbo ẹnu pe bàbá tó ń gba 27 tàbí 28 ní olè.

Apá kẹta ọ̀rọ̀ náà ló wá jẹ́ kí n rí ohun tí mo ń wá. Òfin ìpínlẹ̀ New York kan wà láti ọdún 1894, nígbà tí àwọn tó ja ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti ń darúgbó, tó fún àwọn jagunjagun tó bọ̀ láti ojú ogun ní àṣẹ láti máa tajà lójú títì. Títí di ayé tiwa yìí ni àwọn ológun tó farapa ṣì ń lo ẹ̀tọ́ yẹn. Àwọn kan nínú wọn gbé ọmọlanke sọ́sééjì wọn síwájú ilé ńlá tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí ní Fifth Avenue, níbi tí àwọn àlejò láti gbogbo ayé ti ń rọ́ wá, níbi tí àwọn mìíràn ti ń dá owó gọbọi ní gbàǹjo. Wọn kò san irú owó bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ nípa ọ̀kan nínú wọn pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlanke rẹ̀ ni ó ń sùn lóru, kí ẹlòmíràn má baà gba ààyè rẹ̀. Mo kà á, inú mi kò bàjẹ́ sí i rárá. Kò sí ẹni tí yóò rí ológun tó fi ara gbọgbẹ́, tó tún ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nítorí ọjà rẹ̀, tí yóò sọ pé ó ń rẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tún wà, tí ẹ̀tọ́ tiwọn kò yàtọ̀ sí tirẹ̀ rárá, tí wọ́n kàn ń gbé àga, tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlanke onílé-ọmọlanke kan, kí ìyẹn lè máa fi orúkọ ológun tajà, kí wọ́n sì gba owó wọn nírọ̀lẹ́. Òfin kan náà, ọgbẹ́ kan náà, ibì kan náà. Kí ló dé tí ọkàn wa fi gba ti èkíní, tí kò gba ti èkejì?

Ẹnìkan yóò sọ pé nítorí pé èkíní ń ṣiṣẹ́ ni. Bóyá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ló ń jẹ lára ohun tí wọn kò fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Ìyá àgbà tó ní ilé yàrá mẹ́rin tó fi ń háyà, ta ló bú u? Ọlọ́kọ̀ danfo tó ń gba owó ojúmọ́ lọ́wọ́ awakọ̀, òun náà kì í gun ọkọ̀ náà. Síbẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá kọlẹ̀, ọlọ́kọ̀ ni yóò sunkún jù. Bí òrùlé bá ṣí, ìyá àgbà ni yóò wá káfíńtà. Wọ́n ní nǹkan tó lè bàjẹ́.

Èyí tó wù mí jù nínú àṣà wa lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ẹran sísìn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó ní abo ewúrẹ́ yóò fún aládùúgbò rẹ̀ pé kó bá òun sìn ín. Ìyẹn yóò máa já ewé fún un, yóò máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá bímọ, wọ́n á pín ọmọ náà láàárín ara wọn. Bí kò bá bí, kò sí ẹni tó rí nǹkan gbà. Bí ewúrẹ́ bá kú, olówó ẹran pàdánù ẹran rẹ̀, ẹni tó ń sìn ín pàdánù làálàá rẹ̀, wọ́n á sì jọ káàánú ara wọn. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ fún olùsìn pé, "Bí ewúrẹ́ bí, bí kò bí, ọmọ ẹran mẹ́ta ni kí o kó fún mi kí ọdún tó parí, kí o sì kó ìdajì rẹ̀ wá lónìí." Bí ẹnìkan bá sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo abúlé ni yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí ó burú nínú ìwé yíyá yẹn, ní tèmi, nìyẹn. Pé bàbá náà ń jẹ nínú rẹ̀ kọ́ ló burú. Ohun tó burú ni pé òjò kì í pa á. Ó ti gba tirẹ̀ kí ìkùukùu tó ṣú. Ológun tó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlanke, òjò ń pa á. Èyí tó jókòó lórí àga, bí ọjà bá tà tàbí kò tà, owó ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ pé. Ìjọba tó ń gba 793 lójúmọ́, orí ìwé ni òjò ti ń rọ̀ sí i.

Mo sọ èyí fún àbúrò mi. Mo ní, "Lọ bá bàbá. Sọ fún un pé kó jẹ́ kí ó jẹ́ òótọ́ ohun tí ẹ fẹ́ kọ sórí ìwé: kí o jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ jọ máa ka owó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ pín in. Bí ọ̀sẹ̀ bá dára, ó lè rí ju ohun tó ń bèèrè lọ. Bí kò bá dára, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyẹn, òfin kò ní rí yín mú, ọkàn rẹ náà á balẹ̀."

Ó ní, "Bùọ̀dá, ó máa rò pé mò ń jí nínú owó ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wúwo. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi fẹ́ràn owó gbẹdẹ tí a ti dá lé ara ẹni lórí ni pé kò gba ìfọkàntán. Awakọ̀ danfo kò fẹ́ kí ọlọ́kọ̀ wá máa ka èrò. Ọlọ́kọ̀ náà kò sì fẹ́ gbọ́ ìtàn. Kí ènìyàn méjì tó lè jọ pín òjò, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ara wọn tó ẹni tó lè fún ara wọn ní ewúrẹ́ sìn. Ní abúlé, ìyẹn wà. Ní ìlú tí ará Gíríìsì àti ọmọ Ìjẹ̀bú ti pàdé lórí ọ̀rọ̀ ìwé nìkan, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Síbẹ̀ mi ò rò pé ìyẹn tó àwáwí. Ọmọlanke kan ni, kì í ṣe báńkì. Ẹni tó bá ka búrẹ́dì tó jáde láàárọ̀ àti èyí tó padà wálé lálẹ́, ó ti mọ iye tí wọ́n tà. Bàbá tó ti ta sọ́sééjì láti ọdún 1981, kò sí ẹni tó lè fi búrẹ́dì tàn án jẹ.

Ìjọba ibẹ̀ náà ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe. Ní ọdún 2021 wọ́n ṣe òfin tuntun pé àwọn yóò máa fi ìwé kún èyí tó wà, nǹkan bí 400 lọ́dún, títí yóò fi tó 4,000 láàárín ọdún mẹ́wàá. Wọ́n sì fi ohun kan sí i: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé tuntun náà gbọ́dọ̀ wà nídìí ọmọlanke fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tajà. Kò sí pé ó wà nílé. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo pàtẹ́wọ́, nítorí ohun tí mo ń sọ gan-an ni: kí òjò rí oníwèé. Ṣùgbọ́n orókún bàbá náà ńkọ́? Lábẹ́ irú òfin yẹn, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ arúgbó bá kọ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ tán. Ẹni tó ti dúró fún ogójì ọdún, tí kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún, òfin tó tọ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣubú lù ú. Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n fi ààyè sílẹ̀ fún irú wọn, kí àgbà tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ lè mú ọmọṣẹ́ kan, kí wọ́n jọ pín in ní gbangba, kí ìwé náà sì di ti ọmọṣẹ́ nígbà tí àgbà bá kú. Bí wọ́n bá kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn ń ti àwọn arúgbó padà sí abẹ́lẹ̀ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ pa rẹ́ ni.

Àbúrò mi lọ bá bàbá náà lóòótọ́. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pínpín fún un. Bàbá gbọ́ ọ dé òpin, ó po kọfí fún un, ó ní, "Bí yìnyín bá já fún oṣù kan ńkọ́, kí ni màá jẹ?" Àbúrò mi dá a lóhùn pé, "Bàbá, ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn." Bàbá ní òun yóò rò ó.

Kò rò ó pẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkùnrin ará Íjíbítì kan san 22,000 fún un. Àbúrò mi ṣì ń wa takisí, ó sì ti fi orúkọ sílẹ̀ de ìwé tuntun. Ó máa ń gba iwájú ọmọlanke yẹn kọjá bó bá ń gbé èrò lọ sí apá ibẹ̀. Ó ti ra ẹyọ kan lọ́wọ́ ọkùnrin náà rí, ó ní àlùbọ́sà rẹ̀ dùn.